Ẹ̀kúnwọ́ Gàrí Nínú Bàtà Arìnkè

Ọmọ mi ni mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé ilé tí a yá yàrá kan sí ní Ìbà, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ Tọ́pẹ́ lé e, mo ń fi kànìnkànìn ha á lára. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà náà, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ tó ti ọmọ mẹ́rin. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí obìnrin kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè nítorí ọ̀gbàrá, ó sì di náílọ́ọ̀nù dúdú kan mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ṣé ẹ̀yin ni Rónkẹ́ oníbàtà, ti ṣọ́ọ̀bù Bàbá Làmídì?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú, ọṣẹ ló wà lọ́wọ́ mi."

Ó tú náílọ́ọ̀nù, ó yọ àtẹ́lẹ̀ bàtà kan jáde, ó gbé e sórí korobá tí mo dà dé. "Mísì Bùkọ́lá lorúkọ mi. Èmi àti Tíṣà Olókè la jọ gun òkè lọ́jọ́ Sátidé. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀tún rẹ̀ nìyí. Orí àpáta ló ti ṣí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ sì ti kán. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀ báyìí."

Kò dìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dá a mọ̀. Àmì mi, ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí mo máa ń lu sí ibi gìgísẹ̀, wà níbẹ̀ kedere. Mo fi ìka kan gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó yẹ kó ti gan bí egungun, ṣe ló ń fà tẹ̀lé ìka mi bí ilá. Mo gbé e sí imú. Pẹtiróòlù.

Mi ò ní ẹni tí mo fẹ́ nàka sí. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tẹ́ ẹ jókòó sílé tẹ́ ẹ ń ro iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, ẹ̀yin ni mò ń kọ ìwé yìí sí. N kò tíì darúgbó, eyín mi pé, ọmọ mi ò sì tíì jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ bàtà kí n tó fi í sílẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó ti ṣe nǹkan dé òpin rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ bàtà náà pọ̀. Apá kan rẹ̀ ni mo mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí a ṣe ń mú ohun tí a ó fi pa bàtà aláwọ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Òjó tiwa yìí, tí ilẹ̀ ń sun omi jáde láti ìsàlẹ̀ kí òjò tó rọ̀ ọ́ láti òkè, iṣẹ́ ńlá ni.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà ò gùn. Ìwé mẹ́wàá mi jáde, ìṣirò gé mi lẹ́sẹ̀, kò sí ibi tí mo lè kọjú sí. Màámi fẹ́ kí n lọ kọ́ irun dídì. Lọ́jọ́ kan mo gbé bàtà ilé ìwé àbúrò mi tó ya ẹnu lọ sí Okokomaiko, sọ́dọ̀ Bàbá Làmídì, ará Ẹ̀gbá tó ní ṣọ́ọ̀bù páànù lẹ́bàá títì. Mo ní kí n dúró gbà á. Mo dúró títí bàtà náà fi parí, mi ò lọ. Mo tún dúró wo èyí tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ rèé, wọ́n pariwo. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. "Rónkẹ́! Àwa tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ìwọ lo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ bàtà! Ta lo fẹ́ tà á fún, Wòlíì?"

Mo ní, "Màámi, tí ẹ bá bọ́ sùtánà, ẹ ó wọ bàtà padà sílé."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rí àyè nìyẹn.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́. Bọ̀dá Wàsíù ni ẹnì kejì. Ó fi ọdún kan ṣáájú mi, ó sì fi ẹnu ṣáájú gbogbo Okokomaiko. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti gba ìyàwó ilé sí ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Wàsíù, fún un ní àkísà tìrẹ. Láti òní lọ, òun ni yóò máa fọ bàtà, ìwọ ni yóò máa pọn omi fún un."

Báyìí ni Ọ̀gá rí. Kì í pariwo, kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ wúwo ju pàṣán lọ. Oṣù mẹ́fà gbáko ni n kò fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Bàtà tòkunbọ̀ là ń ṣe jù, èyí tí wọ́n ń kó wá láti ọkọ̀ ojú omi: bàtà gíga olókùn, tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè nílùú wọn. Wọ́n á dé tòun ti ẹrẹ̀ ìlú onílùú, awọ wọn á ti gbẹ táútáú. Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n. Ọ̀gá á ní kí n di ojú, kí n fi àtàǹpàkò ra awọ, kí n sọ irú èyí tó jẹ́ fún òun: awọ dídán tàbí awọ onírun múlọ́múlọ́, èyí tó ti mu òróró rí tàbí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Tí mo bá ṣì í, á ní kí n tún un fọ̀.

"Dókítà tí kò mọ aláìsàn," ni wọ́n máa ń wí, "oògùn rẹ̀ májèlé ni."

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa yàtọ̀ ni gàrí. Lẹ́yìn tí a bá ti pa bàtà tán, Ọ̀gá á bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí gbígbẹ, á dà á sínú bàtà títí dé orí ìka, á wá gbé bàtà náà sínú agbada omi láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá wọlé, gàrí á wú. Ẹ mọ gàrí, kì í bo àṣírí omi. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí bàtà rẹ̀ bá jò, á da gàrí náà sínú abọ́, á bu omi sí i, á mu ún níṣojú oníbàárà. Láìsí ṣúgà. Láìsí ẹ̀pà. Pẹ̀lú òórùn ẹsẹ̀ òyìnbó.

Mo mu gàrí náà nígbà mẹ́sàn-án. Bọ̀dá Wàsíù máa ń ka iye rẹ̀ sókè ketekete, bíi pé ó ń ta á ní ọjà Alábà.

Òun náà mu tirẹ̀. Ó ti rò pé òun gbọ́n, ó gba àdín lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi pa bàtà kan dán gbinrin. Omi ò wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èkúté ti jẹ ahọ́n bàtà méjèèjì tán, èèrà sì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tó kù. Ọ̀gá ní, "Wàsíù, o mà se ọbẹ̀ tó dùn o." Tèmi ni òrí. Mo rí i pé òrí ń mú awọ rọ̀, mo rò pé tó bá pọ̀ á dára sí i. Mo pa á, mo tún pa á, títí bàtà náà fi rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó dára tí àṣejù kì í bà jẹ́.

Oògùn tí Ọ̀gá gbà gbọ́ ni òrí ìlọ́po méjì sí ìda oyin ẹyọ kan. Wọ́n ní ìkòkò irin kékeré kan fún un, ó dúdú bí ìdí ààrò. Wọ́n á gbé ìkòkò náà sínú omi gbígbóná, wọn kì í gbé e lé iná gan-an. Tó bá yọ́ pọ̀, wọ́n á fi ìka pa á sí ojú rírán lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí ìṣẹ́po ahọ́n, kó tó kan ara awọ. Bàtà á sá oòrùn, á mu ún. Ọjọ́ kejì wọ́n á tún pa á. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Tó bá ti jinná, tó o bá kán omi sí i, ṣe ni omi á dúró lórí rẹ̀ bíi ti orí ewé kókò, á yí gbirigbiri, á já sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìkòkò yẹn yàtọ̀ sí Ọ̀gá. Mo gba òmìnira ní ọdún kẹrin, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ, síbẹ̀ n kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ìkòkò yẹn ni mo fẹ́ láyé. Mo ti lọ́kọ, mo ti lóyún, mo ṣì ń lá àlá ìkòkò.

Tíṣà Olókè wọ ọ̀rọ̀ wa ní àkókò yẹn. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n ní ilé ìwé kan lọ́nà Ìjànìkin. Àwọn àti ẹni márùn-ún mìíràn, tíṣà àti akọ̀wé, ló kó ara wọn jọ tí wọ́n máa ń lọ gun òkè àpáta ní ìhà Oǹdó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá Wàsíù bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọnù sórí òkè?"

Tíṣà ní, "Afẹ́fẹ́ ni."

"Ṣé afẹ́fẹ́ Òjó ò tó yín ni?"

"Ẹ̀yin lẹ fi gọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, orúkọ Tíṣà Olókè sì mọ́ wọn lórí láti ọjọ́ náà.

Ọdún tí mo bí Tọ́pẹ́, wọ́n kó bàtà mẹ́fà wá nínú oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ tòkunbọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n ránṣẹ́ wá láti Abẹ́òkúta pé ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá obìnrin kú. Ọ̀gá di ẹrù. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n gbé ìkòkò ìda wá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé Tọ́pẹ́ pọ̀n, mo fọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò mọ́ra.

"Rónkẹ́, ìwọ ni yóò ṣe bàtà àwọn Tíṣà. Tí mo bá dé tó dára, ìkòkò di tìrẹ." Wọ́n tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ ojú ìda tó wà nínú rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ọjọ́ Ajé rọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun rọ̀, oòrùn ò yọ kí n rí i fi yọ́ ìda sínú awọ. Títì kún. Nígbà tó di ọjọ́rú, mo ti tún àtẹ́lẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe, mo fi òwú rán méjì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ mẹ́rin, ṣùgbọ́n n kò tíì pa ẹyọ kan. Oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méjì ló kù.

Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn oníbàtà kan ní Alábà pé wọ́n máa ń yọ́ àbẹ́là sínú pẹtiróòlù. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, pẹtiróòlù á fò lọ, àbẹ́là á kù sínú awọ. Wákàtí kan péré. Kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ìka. Bọ̀dá Wàsíù rí mi tí mo ń ra pẹtiróòlù sínú agolo mílíìkì.

"Rónkẹ́, Ọ̀gá ò kọ́ wa lèyí o."

"Ṣé Ọ̀gá kọ́ òjò bó ṣe máa dá ni?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o."

"Ó dáa. Yà fún mi."

Mo kùn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún, kó lè mú dáadáa. Ọjọ́bọ̀, mo da gàrí sínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tò wọ́n sínú agbada, mo jókòó tì wọ́n bí adìyẹ tó sàba. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo dà á jáde: gàrí ń dún ṣàrà ṣàrà, gbígbẹ bí iyanrìn. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò wá wò ó. Mo gbé Tọ́pẹ́ jó yí agbada ká. Mo ti ń wo ibi tí n óò gbé ìkòkò mi sí nílé.

Ọjọ́ Ẹtì wọ́n wá kó o. Ọjọ́ Ajé, Mísì Bùkọ́lá gbé àtẹ́lẹ̀ wá bá mi nídìí ọmọ.

Mo nu ọmọ mi gbẹ, mo pọ̀n ọ́n, mo tẹ̀ lé Mísì lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà ó ṣàlàyé fún mi. Ọ̀nà òkè dára ní ọjọ́ náà, òjò ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Bàtà mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí ya ẹnu ní iwájú. Àwọn tó kù tètè fi okùn di tiwọn. Tíṣà ló wà níwájú, orí àpáta títẹ́ ni tirẹ̀ ti ṣí pátápátá. Bàtà méjì tí mo fi òwú rán, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mísì Bùkọ́lá ò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń lóye rẹ̀. Pẹtiróòlù tó gbé àbẹ́là wọ inú awọ, òun náà ló wọ abẹ́ rẹ̀ lọ yọ́ gọ́ọ̀mù.

Tíṣà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun wé ẹsẹ̀ wọn títí dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ tọmọ tọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo ba bàtà yín jẹ́. Ọ̀gá mi ò sí nílé. Ẹ má bá wọn wí."

"Kí lo fi pa á?"

"Àbẹ́là ni, sà. Mo yọ́ ọ sínú pẹtiróòlù."

Wọ́n pa ojú dé. "Rónkẹ́, ṣé bàtà lo fẹ́ ṣe fún mi ni, àbí o fẹ́ dáná sun mí?"

Omi ojú mi ń kán sórí símẹ́ńtì ilẹ̀. Wọ́n wá fi ọwọ́ tọ́ orí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. "Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Omi ò wọ inú rẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi gbẹ dáadáa títí tó fi kán."

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Kí n tó ya ẹnu, wọ́n ti ṣí ìkòkò. Àtàǹpàkò wọn ṣì wà lójú ìda, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, n kò fi ẹyọ kan pamọ́.

"O fi gàrí dán an wò?"

"Mo fi dán an wò, sà. Ó gbẹ."

"Ó gbẹ. O bi gàrí bóyá omi ń wọlé, gàrí dá ọ lóhùn. Ta lo bi bóyá àtẹ́lẹ̀ di bàtà mú?"

Mo lọ gbé abọ́ fúnra mi. Mo bu gàrí, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́fà fún bàtà mẹ́fà. Mo bu omi sí i. Bí mo ṣe ń gbé e sẹ́nu ni Ọ̀gá na ọwọ́.

"Gbé e wá."

"Ọ̀gá, èmi ni mo jẹ̀bi."

"Orúkọ ta ló wà lára páànù yẹn? Bàtà mi ló gbé Tíṣà ṣubú. Gbé e wá."

Wọ́n mu ún. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú èmi àti Bọ̀dá Wàsíù, wọ́n mu gàrí ẹ̀kúnwọ́ mẹ́fà láìsí ṣúgà, wọ́n sì lá abọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá Wàsíù ò kà á. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá gbé ìkòkò padà sórí pẹpẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, bí wọ́n bá nà mí ni, n bá ti gbàgbé.

Odidi ọdún kan ni mo fi padà sídìí àkísà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọkọ mi, tó ń tún mọ́tò ṣe, kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá sá nídìí iṣẹ́ tó bà jẹ́, ìbàjẹ́ yẹn ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀." Mo dúró. Mo mú awọ àgékù, mo lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, mo rán òmíràn, mo wá ń fi gbogbo ohun tí wọ́n ń pa bàtà dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àbẹ́là, gíríìsì, àdín, òróró ẹ́ńjìnnì ọkọ mi, òrí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé eléwé ọgbọ̀n. Ohun tó mú gọ́ọ̀mù rọ̀, mo kọ ọ́. Ohun tó mú òwú jẹrà, mo kọ ọ́. Ọ̀gá rí ìwé náà, mo sì kíyè sí i pé wọ́n ń fi awọ àgékù pamọ́ dè mí.

Òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí Tíṣà tó dé pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ń tiro. Wọ́n gbé bàtà gíga kan lé orí tábìlì.

"Mo ń padà lọ sórí òkè. Bàtà yìí ni mo fẹ́ wọ̀."

Ọ̀gá ní, "N óò ṣe é fún yín fúnra mi."

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin ò tíì ba bàtà mi jẹ́ rí. Ẹni tó mọ ibi tó ti bàjẹ́ ni mo fẹ́."

Ọ̀gá dìde, wọ́n na ọwọ́ sórí pẹpẹ, wọ́n gbé ìkòkò náà, wọ́n gbé e ka iwájú mi. Wọ́n ò tẹ àtàǹpàkò sí i lọ́tẹ̀ yìí.

Mo tú àtẹ́lẹ̀ bàtà náà kúrò, mo fi òwú tó nípọn rán an yíká, ojú rírán méjì. Nígbà tó kan pípa, òjò dé. Òjò kan náà yẹn. Tíṣà yọjú lọ́jọ́ tí a dá. "Ṣé ó ti tán?"

"Kò tíì tán, sà. Oòrùn ò jẹ́. Ẹ sún ìrìn àjò yín síwájú."

Bọ̀dá Wàsíù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lábẹ́ tábìlì. Ṣé a máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà ni? Tíṣà wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òkè ò ní sá lọ." Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Omi ń yí lórí bàtà náà bíi ti orí ewé kókò, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì le débi pé Bọ̀dá Wàsíù fi gbogbo agbára fà á, tí ojú rẹ̀ pọ́n, kò ṣí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi lọ, n kò jẹun dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, n óò fò dìde. Lọ́jọ́ Ajé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún rí Mísì Bùkọ́lá tó ń bọ̀ láti títì, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yọ bàtà méjèèjì jáde, tẹrẹ̀ tẹrẹ̀, odidi. Ó yọ ìdì pépà kan tẹ̀ lé e. "Tíṣà ní kí n gbé e fún Bàbá. Wọ́n dé orí òkè lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n da gàrí sí i, wọ́n gbé e sínú ọ̀gbàrá orí àpáta títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wá wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Gàrí ibẹ̀ rèé."

Ọ̀gá tú ìdì náà. Wọ́n bu gàrí náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n mì ín létí, wọ́n dà á sẹ́nu gbígbẹ, wọ́n ń run ún wómúwómú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu.

"Rónkẹ́, gbé ìkòkò rẹ kúrò lórí tábìlì mi."

Ìkòkò rẹ. Mo kọjú sí ògiri páànù, mo sunkún bí ọmọdé.

Láti ìgbà náà, mo tọ́jú ẹsẹ̀ tí mi ò lè kà tán: tíṣà, awakọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ nínú irà lọ́nà Badagry. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi bàtà kí n tó mú oògùn. Irú awọ wo lo jẹ́? Awọ onírun kì í gba ìda, ìda á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí irun ológbò tó já sómi. Níbo lò ń lọ? Ẹni tó fẹ́ tẹ ẹrẹ̀ nílò ìda ju ẹni tó fẹ́ sá fún òjò láàrin Ìyànà-Ìbà lọ. Ìbéèrè kẹta, èyí tó kán Tíṣà lẹ́sẹ̀: kí ló di àtẹ́lẹ̀ rẹ mú, òwú ni àbí gọ́ọ̀mù?

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ oníná tó ń fá àtẹ́lẹ̀ dé, ọwọ́ wa sì sinmi, àfi ọjọ́ tí kò bá síná. Oògùn inú agolo dé, èyí tí wọ́n ń fín ṣáá bí oògùn ẹ̀fọn. Àwọn kan nínú rẹ̀ dára, pàápàá fún awọ onírun, mo sì lò wọ́n, n kì í bá ohun tuntun jà. Ṣùgbọ́n mo ń da gàrí sí wọn, mo sì ń fa àtẹ́lẹ̀ wọn wò. Ọ̀gá padà sí Abẹ́òkúta nígbà tí ojú wọn ò gbé òwú mọ́. Èmi ni mo di ọ̀gá. Obìnrin ṣúmékà kan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè wa, àwọn ọkùnrin sì ń kó bàtà wọn wá láti Alábà kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyà mi ló dá mi dúró. Òórùn gọ́ọ̀mù ọdún mẹ́rìnlá wọ̀ mí lẹ́dọ̀fóró, mo ń wúkọ́ láì dáwọ́ dúró, dókítà sì ní kí n yàn láàrin ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ mi. Mo fi ṣọ́ọ̀bù lé Bọ̀dá Wàsíù lọ́wọ́, mo fún un ní ìwé eléwé ọgbọ̀n náà. Ìkòkò nìkan ni mo gbé wálé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi.

Ọjọ́ tí mo gbé ìkòkò dé ni Tíṣà wá kí mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà, wọn ò tíì fẹ̀yìn tì lórí òkè. Wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n dìde, wọ́n tiro jáde. Tọ́pẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Màmi, Bọ̀dá Wàsíù ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí Tíṣà máa tiro. Irọ́ ni, àbí?"

Mo lè sọ pé òjò ni. Mo fà á mọ́ra, mo jókòó sórí àpótí tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Mo ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni. Bàtà tí wọ́n sì fi ń gun òkè títí dòní, èmi náà ni mo ṣe é."